8.314 ni àbí 0.082? Bí o ṣe lè lo àwọn iye àìyípadà kẹ́místírì àti físíìsì láìṣìnà

Ìbéèrè kan náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń bi mí ṣáá: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èwo ni kí n lò fún R, iye gáàsì, 8.314 ni àbí 0.082?" Bí mo bá ti dáhùn ìyẹn tán, òmíràn á tẹ̀ lé e. Fún F, iye Faraday, ṣé 96500 ni àbí 96485? Fún àyè tí móòlù gáàsì kan ń gbà, ṣé 22.4 dm³ ni àbí 24? Mo ti dáhùn rẹ̀ títí ẹnu ń ro mí, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ohun tó wà nídìí gbogbo rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Iye àìyípadà kì í ṣe nọ́ńbà lásán, nọ́ńbà àti yúnìtì rẹ̀ ni. Wo gàárì lọ́jà: ẹni tó fi kóńgò wọ̀n ọ́n àti ẹni tó fi dẹ́ríkà wọ̀n ọ́n kò ní ka iye kan náà, bẹ́ẹ̀ gàárì kan náà ló wà nínú àpò. 8.314 àti 0.08206 kì í ṣe R méjì. R kan ṣoṣo ni, ohun tí a fi wọ̀n ọ́n ló yàtọ̀.

Àtẹ tí wàá máa wò

Da èyí kọ sí ẹ̀yìn ìwé rẹ. Yúnìtì ni kí o kọ́kọ́ máa wò, kí o tó wo nọ́ńbà.

- Ìyára ìmọ́lẹ̀, c: 299 792 458 m/s
- Iye Planck, h: 6.62607015 × 10⁻³⁴ J s
- Iye iná tó wà lára ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan, e: 1.602176634 × 10⁻¹⁹ C
- Òǹkà Avogadro, N_A: 6.02214076 × 10²³ fún móòlù kan
- Iye Boltzmann, k: 1.380649 × 10⁻²³ J/K
- Iye gáàsì, R: 8.314 J fún móòlù kan fún kelvin kan
- Iye Faraday, F: 96 485 C fún móòlù kan
- Iye òòfà ilẹ̀ àti ìràwọ̀, G: 6.674 × 10⁻¹¹ N m²/kg²
- Ìwúwo ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù: 9.109 × 10⁻³¹ kg
- Ìwúwo prótọ́ọ̀nù: 1.673 × 10⁻²⁷ kg

Ṣé o rí i pé R àti F kì í ṣe àlejò? N_A tí a sọ di púpọ̀ pẹ̀lú k ló bí R. N_A tí a sọ di púpọ̀ pẹ̀lú e ló bí F. Bí o bá gbàgbé ọ̀kan nínú wọn, fi òbí rẹ̀ wá a jáde.

Ìgbésẹ̀ mẹ́fà, lọ́kọ̀ọ̀kan

1. Fi lẹ́tà nìkan kọ fọ́múlà sílẹ̀. Má tíì fi nọ́ńbà kankan sí i.
2. Lábẹ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kọ yúnìtì tí ìbéèrè fún ọ.
3. Mú iye àìyípadà tí yúnìtì rẹ̀ bá àwọn yẹn mu. Bí kò bá sí èyí tó bá a mu, yí ti inú ìbéèrè padà.
4. Bí ìwọ̀n ìgbóná bá wà níbẹ̀, sọ ọ́ di kelvin: fi 273 kún sẹ́síọ́ọ̀sì (°C). Ní pàtó, 273.15 ni.
5. Fi yúnìtì pa yúnìtì rẹ́. Èyí tó bá ṣẹ́kù gbọ́dọ̀ jẹ́ yúnìtì ohun tí wọ́n ní kí o wá. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, má fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìṣirò. Padà sí ìgbésẹ̀ kejì.
6. Nígbà yìí ni kí o wá fi nọ́ńbà sí i.

Ìgbésẹ̀ kejì ni gbogbo èèyàn máa ń fò, nítorí wọ́n rò pé ó ń fi àkókò ṣòfò. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ló ń gbà. Àṣìṣe tó ń dènà rẹ̀ lè gba odindi máàkì ìbéèrè náà lọ́wọ́ rẹ.

R: èwo ni kí o mú?

Wo ìfúnpá àti àyè tí gáàsì gbà nínú ìbéèrè, kí o wá yàn:

- Pa àti m³: 8.314
- kPa àti dm³: 8.314 náà ni
- atm àti dm³: 0.08206
- bar àti dm³: 0.08314
- mmHg àti dm³: 62.36
- Bí ọ̀rọ̀ agbára ní joule bá ti wọ̀ ọ́, irú bí ΔG° = –RT ln K tàbí ìdọ́gba Arrhenius tó so ìyára ìpàdé kẹ́míkà mọ́ ìgbóná: 8.314, kò sí àríyànjiyàn

Ìlà kejì yẹn ni mo fẹ́ràn jù. kPa kan tí a sọ di púpọ̀ pẹ̀lú dm³ kan jẹ́ joule kan gééré, nítorí náà o kò ní láti sọ dm³ di m³ rárá. Ọ̀pọ̀ ìwé kì í mẹ́nu kàn án.

Ó yá, ká gbé ọ̀kan yẹ̀ wò. Gáàsì kan wà nínú ìgò 5.0 dm³, ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 2.0 atm, ìwọ̀n ìgbóná rẹ̀ jẹ́ 27 °C. Móòlù mélòó ló wà níbẹ̀?

1. Fọ́múlà: n = PV/RT. n ni iye móòlù, P ni ìfúnpá, V ni àyè tí gáàsì gbà, T ni ìwọ̀n ìgbóná.
2. Yúnìtì: atm, dm³, °C.
3. Atm àti dm³ ló wà níbẹ̀, nítorí náà 0.08206 la ó mú.
4. 27 °C di 300 K.
5. Atm pa atm rẹ́, dm³ pa dm³ rẹ́, kelvin pa kelvin rẹ́, móòlù ló ṣẹ́kù. Ó dára.
6. n = (2.0 × 5.0) ÷ (0.08206 × 300) = 0.406 móòlù.

Jẹ́ ká tún gba ọ̀nà kejì. 2.0 atm jẹ́ 202.65 kPa. Sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 5.0 dm³, ó di 1013 J. Pín in pẹ̀lú 8.314 × 300. Kí lo rí? 0.406 náà ni. Gàárì kan náà.

Wàyí o, wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó kàn mú 8.314 nítorí pé òun ló mọ̀ sórí, tó wá fi atm sí i: 10 ÷ 2494, ìyẹn 0.0040. Ó ti fi nǹkan bí ìlọ́po 101 ṣìnà. Ẹni tó bá sì gbàgbé kelvin, tó lo 27, yóò rí 4.5 móòlù, ìlọ́po mọ́kànlá ohun tó yẹ kó rí.

22.4 tàbí 24?

Ìdáhùn wà nínú ọ̀rọ̀ ìbéèrè fúnra rẹ̀. Bí ó bá ní "s.t.p." (standard temperature and pressure), 22.4 dm³ fún móòlù kan ni ìwé ilé ẹ̀kọ́ girama ń lò, ìyẹn ní 0 °C àti 1 atm. Bí ó bá sọ pé inú yàrá lásán ni, 24 dm³ ni.

Ìkìlọ̀ fún àwọn tó ti wọ yunifásítì: IUPAC, àjọ kẹ́místírì àgbáyé, ti sọ ìfúnpá s.t.p. di 100 kPa, ìyẹn 1 bar, láti ọdún 1982. Iye tó bá ìyẹn mu jẹ́ 22.7 dm³. Bí ìwé rẹ bá ti òkè òkun wá, ka ojú ewé tó ti ṣàlàyé s.t.p. kí o tó gbà pé 22.4 ni wọ́n ní lọ́kàn. Bí ọ̀rọ̀ náà bá dàrú mọ́ ọ lójú, pa méjèèjì tì, kí o lo PV = nRT. Òun kì í tan ni.

F: iná tó ń yọ bàbà jáde

Ìṣàn iná 2.0 A gba inú omi copper sulphate kọjá fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Gíráàmù bàbà mélòó ló máa lẹ̀ mọ́ káátóòdù, ìyẹn ọ̀pá tó so mọ́ ẹ̀gbẹ́ òdì bátìrì?

1. Ìṣẹ́jú ló wà nínú ìbéèrè, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú àáyá ni coulomb ń fẹ́. 30 × 60 = 1800 s.
2. Iye iná tó kọjá: 2.0 × 1800 = 3600 C.
3. Móòlù ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù: 3600 ÷ 96 500 = 0.0373.
4. Cu²⁺ ń gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì kó tó di bàbà. Pín in sí méjì: 0.01865 móòlù.
5. Sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 63.5, ìwúwo móòlù bàbà kan ní gíráàmù: 1.18 g.

Bí o bá fi 96 485 dípò 96 500, 1.18 g náà ni wàá rí. Nítorí náà, lo 96 500 bí ìwé ìdánwò bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, má sì bá ẹnikẹ́ni jà. Ìyàtọ̀ wọn kò tó nǹkan. Ibi tí ewu wà ni ìgbésẹ̀ kẹrin. Fún fàdákà, Ag⁺, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan ni, fún alumíníọ́ọ̀mù, Al³⁺, mẹ́ta ni. Kọ ìdọ́gba ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní káátóòdù sílẹ̀ nígbà gbogbo, kódà bí o bá rò pé o mọ̀ ọ́n.

h àti c: agbára ìmọ́lẹ̀

Ìmọ́lẹ̀ tí ìgùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ 500 nm, èélòó ni agbára fótọ́ọ̀nù kan rẹ̀, ìyẹn ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kan?

Fọ́múlà ni E = hc/λ, λ ni ìgùn ìgbì. m/s ló wà nínú c, nítorí náà 500 nm gbọ́dọ̀ di 5.00 × 10⁻⁷ m. Lẹ́yìn náà, 6.626 × 10⁻³⁴ × 2.998 × 10⁸ ÷ 5.00 × 10⁻⁷ = 3.97 × 10⁻¹⁹ J.

Dúró ná, ka ìbéèrè lẹ́ẹ̀kejì. Ṣé fótọ́ọ̀nù kan ni wọ́n bi ọ́, àbí móòlù fótọ́ọ̀nù kan? Bí ó bá jẹ́ ti móòlù, sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú N_A, ó di 239 kJ. Bí wọ́n bá sì fẹ́ ẹ ní eV (electronvolt, yúnìtì agbára kékeré), pín ti fótọ́ọ̀nù kan pẹ̀lú 1.602 × 10⁻¹⁹, ó di 2.48 eV.

Ọ̀nà àbùjá wà fún àwọn tó ń fi nm àti eV ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́: 1240 ÷ ìgùn ìgbì ní nm = agbára ní eV. 1240 ÷ 500 = 2.48. Mo máa ń fi í yẹ iṣẹ́ mi wò kí n tó fà ìlà sábẹ́ ìdáhùn.

Ṣọ́ra fún lẹ́tà olójú méjì

Lẹ́tà kò pọ̀ tó, nítorí náà àwọn onísáyẹ́ǹsì ń fi ọ̀kan jẹ orúkọ púpọ̀:

- k lè jẹ́ ti Boltzmann, ó lè jẹ́ iye inú òfin Coulomb, tó jẹ́ 8.99 × 10⁹ N m²/C², ó sì lè jẹ́ iye àìyípadà inú òfin ìyára ìpàdé kẹ́míkà. Kò sí ohun tó pa wọ́n pọ̀.
- R ti gáàsì yàtọ̀ sí R ti ìdènà iná, ó sì yàtọ̀ sí ti Rydberg, tó jẹ́ 1.097 × 10⁷ fún mítà kan.
- G àti g: G wà káàkiri àgbáyé láìyí padà. g kì í ṣe ara àwọn iye àìyípadà gidi, ó ń yí díẹ̀díẹ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn lórí ilẹ̀ ayé. 9.8 ni, ìdánwò sì máa ń gbà 10.
- c lè jẹ́ ìyára ìmọ́lẹ̀, ó sì lè jẹ́ iye ooru tí nǹkan ń gbà kó tó gbóná.
- e: èyí ló burú jù. Bọ́tìnnì e lórí ẹ̀rọ ìṣirò rẹ kì í ṣe ti ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù. 2.718 ni, ti ìṣirò logarithm. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó tẹ̀ ẹ́, tó rí ìdáhùn tó tóbi ju ohun tó yẹ lọ ní ìlọ́po tí ẹnu kò lè kà, tó sì tún fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀.

Títẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ ìṣirò

Àṣìṣe kan wà níbí tí mo ń rí ju gbogbo ìyókù lọ. Jẹ́ ká ní o fẹ́ pín 3.01 × 10²³ pẹ̀lú 6.02 × 10²³. 0.5 ni ìdáhùn, ojú lásán ti rí i. Ṣùgbọ́n bí o bá tẹ̀ ẹ́ báyìí: 3.01 × 10 ^ 23 ÷ 6.02 × 10 ^ 23, ẹ̀rọ máa fi 6.02 pín in, ó máa wá sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 10²³ kejì. Yóò fún ọ ní 5 × 10⁴⁵.

Ọ̀nà méjì ló wà:

- Lo bọ́tìnnì EXP tàbí ×10ˣ: 6.02 EXP 23. Má ṣe tẹ "× 10" ṣáájú EXP. Bí o bá tẹ̀ ẹ́, ó ti di ìlọ́po mẹ́wàá, torí EXP fúnra rẹ̀ ti ní 10 nínú.
- Tàbí kí o fi àkámọ́ yí ohun tó wà nísàlẹ̀ ká.

Àwọn tó ní Casio fx-991ES, iye wọ̀nyí ti wà nínú rẹ̀. Tẹ SHIFT, tẹ 7, kí o wá tẹ nọ́ńbà méjì: 06 fún h, 24 fún N_A, 27 fún R, 28 fún c. Ìyókù wà lẹ́yìn ìdérí rẹ̀. R tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ ti joule, má fi atm sí i o.

*Bí o bá ń lọ sí JAMB:* o kò ní mú ẹ̀rọ ìṣirò tìrẹ wọlé, èyí tó wà lójú kọ̀ǹpútà lo máa lò, ìṣirò kéékèèké ni ìyẹn sì wà fún. Nítorí náà, ya nọ́ńbà sọ́tọ̀ kúrò lára 10. Fún fótọ́ọ̀nù tí a ṣe lẹ́ẹ̀kan: 6.63 × 3.0 ÷ 5.0 = 3.98. Lẹ́yìn náà, fi ọwọ́ ṣe àwọn nọ́ńbà orí 10: –34 + 8 + 7 = –19. Ìdáhùn: 3.98 × 10⁻¹⁹ J. Ìdí tí 7 fi di ìròpọ̀ ni pé –7 ló wà nísàlẹ̀, tí a sì ń yọ ọ́ kúrò. Ibẹ̀ ni kí o ti fara balẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà lo fi ń ṣiṣẹ́, ìlà mẹ́ta ti tó nínú Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà:

```
from scipy.constants import h, c, N_A
E = h * c / 500e-9
print(E, E * N_A / 1000)
```

Má ṣe ìrànwọ́ fún un nípa fífi ọwọ́ kọ 6.02e23 sí i. Àwọn iye tó péye ti wà níbẹ̀.

Nọ́ńbà mélòó ló tó?

Ka iye nọ́ńbà tó wà nínú ohun tí ìbéèrè fún ọ. Bí ó bá jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, fi mẹ́rin lo iye àìyípadà rẹ, kí o wá gé ìdáhùn sí mẹ́ta níparí. Má gé e láàárín ọ̀nà. Ẹni tó kọ nọ́ńbà mẹ́jọ sílẹ̀ fún ìdáhùn tó wá láti inú "2.0 A" ń parọ́ fún ara rẹ̀ ni.

Láti ọdún 1983 ni c ti di iye tí a fi àdéhùn gbé kalẹ̀; láti ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún ọdún 2019, h, e, N_A àti k náà ti di bẹ́ẹ̀, kò sí iyèméjì kankan nínú wọn mọ́. Nítorí náà R àti F náà péye. G kò sí lára wọn. Wíwọ̀n ni a ṣì ń wọ̀n ọ́n, ó sì le láti wọ̀n. Bí o bá wo àtẹ CODATA, ìgbìmọ̀ tó ń kó àwọn iye àìyípadà jọ, lórí ìkànnì NIST, ilé iṣẹ́ ìwọ̀n ti ìjọba Amẹ́ríkà, wàá rí i báyìí: 6.67430(15) × 10⁻¹¹. Ohun tó wà nínú àkámọ́ kì í ṣe ìsọdipúpọ̀. Ó ń sọ pé nọ́ńbà méjì tó kẹ́yìn, 30, lè yẹ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀ pẹ̀lú nǹkan bí 15. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan bi mí nígbà kan bóyá kí òun fi 15 sọ ọ́ di púpọ̀. Mi ò rẹ́rìn-ín, torí kò sẹ́ni tó ṣàlàyé rẹ̀ fún un rí.

Bí ìdáhùn rẹ kò bá bá ti ẹ̀yìn ìwé mu

Má pa gbogbo iṣẹ́ náà rẹ́. Fi èyí tó kéré pín èyí tó tóbi, kí o wo ohun tó jáde. Àṣìṣe máa ń fi ẹsẹ̀ sílẹ̀:

- 10: o tẹ "× 10" ṣáájú EXP.
- 1000: dm³ àti m³, gíráàmù àti kílò, tàbí J àti kJ.
- 101: o fi atm bá 8.314 lò.
- 60: ìṣẹ́jú kò di ìṣẹ́jú àáyá.
- 2 tàbí 3: o gbàgbé iye ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù.
- Nǹkan bí 11, tí ìwọ̀n ìgbóná sì jẹ́ 27 °C: kelvin.
- 1.07: ìwọ lo 24, àwọn lo 22.4, tàbí òdìkejì rẹ̀.
- 6.02 × 10²³: wọ́n bi ọ́ ní ti ẹyọ kan, o dáhùn ti móòlù, tàbí òdìkejì rẹ̀.
- 6.24 × 10¹⁸: eV àti joule.
- 10⁴⁶ tàbí jù bẹ́ẹ̀: àkámọ́ ni.

Bí ohun tó jáde kò bá sí nínú àwọn wọ̀nyí, wo fọ́múlà fúnra rẹ̀. Bí fọ́múlà náà bá dára, ó ṣeé ṣe kí ìwé ló ṣì í kọ. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.